Ọdẹ́fúnkẹ́ ní Adágún Ìdákẹ́

Ẹni tí ó bá ní iṣu lórí iná, kí ó tètè lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u tán. Ìtàn tí èmi Ọdẹ́rìnlọ fẹ́ sọ fún yín lábẹ́ igi ọdán yìí kì í dúró de ẹni tí iṣu rẹ̀ ń jó. Ọ̀sán gangan nìyí, ẹ sì ń rí ojú mi. Ojú yìí ti wo ẹfọ̀n títí ẹfọ̀n fi sorí kọ́, tí ó yà bàrá bí ẹni tí ó ṣìnà. Àmọ́ n kò ní sọ ti ara mi lónìí. Bí ẹni tí ó ju àgbà lọ bá wà nílé, àgbà kì í ki ara rẹ̀. Ìyá tí ó bí mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ìyá yín náà ṣọdẹ?" Àkàngbé, àna mi tí ó jókòó sẹ́yìn yẹn, ni ó béèrè bẹ́ẹ̀.

Àkàngbé, gbé ẹ̀kọ ẹnu rẹ mì ná. Ohun tí ìyá mi dẹ rí, bàbá rẹ kò lè dẹ òjìji rẹ̀. Kí ẹ sì má kà mí sí aláìlẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pe ìyá mi ní Ọdẹ́fúnkẹ́, tí mò ń wí pé "ó" níbi tí ó yẹ kí n ti wí pé "wọ́n". Nígbà tí mò ń sọ yìí, kò tíì bí ẹnikẹ́ni. Omidan ni, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ jáde nílé tí kò sì padà.

Bàbá náà ni Ọdẹ́sànyà,
Ọmọ a-rìn-níjù-má-kọsẹ̀,
A-fetí-gbọ́ kí ewé tó já.
Ẹkùn rí i, ó ní òun ń wá ọmọ òun kiri;
Kì í ṣe ọmọ ni ó ń wá, ọ̀nà àsálà ni ó ń wá.

Ọkùnrin yìí gòkè lọ sí Ọ̀dàn Aláìnígi, orí òkè gbalasa tí afẹ́fẹ́ ni ọba rẹ̀, níbi tí Adágún Ìdákẹ́ tẹ́ sí. Àwọn àgbà ní omi náà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó dáná nílẹ̀ wa. Ọdẹ́sànyà lọ, kò bọ̀. Ìbọn rẹ̀ kò bọ̀, àpò rẹ̀ kò bọ̀, fìlà rẹ̀ kò bọ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀. Nílùú wa Agbóyè, bí ọdẹ bá kú, òkú nìkan kọ́ ni a ń sin. A ó kó ìbọn, àpò àti fìlà rẹ̀ jọ, a ó dì wọ́n lẹ́rù, a ó gbé wọn wọ igbó lọ pẹ̀lú ìrèmọ̀jé, orin arò àwa ọdẹ. Ìpà ni a ń pè é. Ọdẹ tí a kò bá ṣe ìpà rẹ̀ kò tíì lọ. Oríta ni ó dúró sí, ọ̀nà àwọn tirẹ̀ ni ó ń dí. Bí a bá ń dárúkọ àwọn òkú ọdẹ lọ́jọ́ ọdún Ògún, a ó fò ó.

Ẹnu ayé kò sì dákẹ́. Àwọn kan ní Ọdẹ́sànyà ti rí ìyàwó tuntun lókè ọ̀hún. Àwọn mìíràn ní ẹranko lé e, ó sì ń sá títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí ó yá, bí Ọdẹ́fúnkẹ́ bá dé ibi odò, wọ́n á bi ara wọn pé, "Ọmọ ìsáǹsá dà? Ṣé ó ti pọnmi rẹ̀ tán?" Ó ń pọn omi, ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún Ògún ku dẹ̀dẹ̀, ó lọ bá Olúọ́dẹ Akínbòdé nílé.

Akínbòdé yìí ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tí Ọdẹ́fúnkẹ́ wà ní kékeré, èjìká Akínbòdé ni ẹṣin rẹ̀, eyín ẹkùn tí ó wà níwájú fìlà ọkùnrin náà ni ó sì máa ń dì mú kí ó má baà ṣubú. Láti ìgbà tí Ọdẹ́sànyà ti sọnù ni Olúọ́dẹ kò ti dé fìlà mọ́. Oòrùn ń pa á lórí, òjò ń rọ̀ sí i lórí, ó wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú ní ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe, wọ́n sì ń yìn ín.

Ọdẹ́fúnkẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ ṣe ìpà bàbá mi lọ́dún yìí."

"A kì í ṣe ìpà ẹni tí a kò rí ẹrù rẹ̀, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ẹrù náà ní Adágún Ìdákẹ́."

Olúọ́dẹ fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ tí kò dé fìlà. "Má lọ. Adágún yẹn kò ní ohun kan tí ó jẹ́ tìrẹ."

"Bàbá mi tí ó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Olúọ́dẹ dìde, ó wọlé, kò sì jáde mọ́.

Ìyá Ọdẹ́fúnkẹ́ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Kò sí ẹni tí ó mọ oríkì bí tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, kò sì lọ ilé ẹ̀kọ́ kankan ju ẹ̀yìn ìyá tirẹ̀ lọ. Ó di àádùn fún ọmọ rẹ̀, ó fún un ní àdá, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Olódùmarè yóò ṣíwájú rẹ, yóò kẹ́yìn rẹ. Ẹsẹ̀ tí ó gbé ọ lọ ni yóò gbé ọ bọ̀. Ohun tí mo kọ́ ọ, má gbàgbé. Kí o tó ki ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ wò ó. Ojú ni ó ń bí oríkì, ẹnu kàn ń pọ̀n ọ́n ni."

Ó lọ. Ẹ má bi mí léèrè iye òkè àti iye odò. Ẹni tí ó ń ka òkè kò ní gùn ún. Igbó Eléèmọ̀ ni ó kọ́kọ́ wọ̀, ibẹ̀ ni iwin kan ti dínà mọ́ ọn. Àárín ikùn ni ẹnu iwin náà wà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí orúnkún, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ wo ọ̀run, àfi kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ó na ẹsẹ̀ sókè. Àkàngbé, má rẹ́rìn-ín, ìwọ náà ní ibi tí tìrẹ wà.

Iwin náà ní, "Èéṣe tí o kò sá?"

"Ẹsẹ̀ ilé wa kò mọ̀ ọ́n sá."

"Ó dára. Mo máa jẹ ọ́, ṣùgbọ́n n kì í jẹ òpè. Dáhùn èyí ná. Ẹrù wo ni ènìyàn ń rù láti kékeré tí ọrùn kì í wọ̀ ọ́, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀ ni ọrùn tó ń wọ̀ ọ́?"

Ọdẹ́fúnkẹ́ rántí ọ̀rọ̀ ibi odò. "Orúkọ rere ni," ni ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ọrùn ń wọ̀ mí."

"O gbà á. O kì í ṣe òpè. Mo lè wá jẹ ọ́ báyìí."

Ọdẹ́fúnkẹ́ kò mì. Ó ní, "A kì í jẹ oúnjẹ láìsúre sí i, Bàbá. Ẹ kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún yín, kí n lè bá yín lára mu."

Ta ni yóò kọ àdúrà? Iwin kúnlẹ̀ gbì, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wọ iyẹ̀pẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú wọn. Ọdẹ́fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kò ní rí ogun ọ̀sán." Iwin ní àṣẹ. "Ẹ kò ní fi ojú yín sunkún ọmọ." Iwin ní àṣẹ. Ó ń gbàdúrà, ó ń rìn, ó ń gbàdúrà, ó ń rìn. Mo kọjá níbẹ̀ fúnra mi nígbà tí mo di ọdẹ, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wí pé àṣẹ. N kò dá a dúró. Àdúrà kì í pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó jáde nínú igbó, ó bọ́ sí ìlú kan tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi oríkì ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́jà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń jí lọ pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ aṣọ. Aràrá kan jókòó sẹ́nu ibodè, wọ́n ń ki í pé, "Gíga bí àràbà, a-bá-òṣùpá-sọ̀rọ̀." Olè kan ń kọjá, wọ́n ń ki í ní oríkì àwọn olóòótọ́, ó sì ń fi ọwọ́ kan yọ owó nínú aṣọ ẹni tí ó ń ki í. Kò sí ẹni tí ó rántí oríkì tí wọ́n fi bí i.

Ìyálọ́jà wọn fa Ọdẹ́fúnkẹ́ lọ́wọ́. "Arẹwà, oríkì ta ni o gbé wá?"

"Ti bàbá mi Ọdẹ́sànyà."

"A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìsáǹsá ni wọ́n ní ó jẹ́. Kí ni o fẹ́ fi oríkì tí ó ti gbó ṣe? Gbé e sílẹ̀ níhìn-ín, kí n fún ọ ní ti ọmọ ọba. Bí o bá dé ilé, wọ́n á máa dọ̀bálẹ̀ fún ọ."

Èmi kò ní purọ́ fún yín: Ọdẹ́fúnkẹ́ dúró. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó rò ó bí yóò ti rí láti lọ síbi odò kí gbogbo ẹnu sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó yọ ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá, aṣọ àyálò kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, a ṣò ní ẹsẹ̀. Bí mo bá gbé bàbá mi sílẹ̀ níhìn-ín, ta ni n óò lọ wá lọ́hùn-ún?"

Ó kọ oríkì àyálò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ayé ti rí. Bí ó ti ń jáde lọ́jà náà, arúgbó kan ń ki odò ńlá kan tí kò dé ibẹ̀ rí, ohùn rẹ̀ sì dùn bí oyin ìgàn. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́fúnkẹ́ jáde ní ìlú náà, etí rẹ̀ kò jáde. Orin náà bá a gun òkè.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, ó rí àwọn ìṣàn kéékèèké tí ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta. Omi wọn tutù, ó sì pọ́n díẹ̀ bí àgbo. Ó mu, ó ṣe é ní kàyéfì ibi tí wọ́n ti ń wá. Lẹ́yìn náà ó gòkè. Kò sí igi, àfi koríko tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ síhìn-ín tí ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, àti ìkúukùu tí ń rìn bí agbo àgùntàn. Ilẹ̀ dúdú, ó rọ̀ bí fùlùfúlù. Nígbà tí ìkúukùu ṣí, Adágún Ìdákẹ́ wà níwájú rẹ̀. Kò mira, kò dún.

Ọdẹ́fúnkẹ́ kò dúró wò ó. Ọkàn rẹ̀ ti sáré ṣíwájú. Ó gbé orin arúgbó ọjà nì:

Ìwọ omi ńlá, a-ṣàn-má-sinmi,
A-pariwo-gba-àárín-ìlú-kọjá,
Ìyàwó òkun, ẹni tí ọkọ̀ ń sìn...

Kò tíì parí rẹ̀ tí ilẹ̀ fi la ẹnu. Ẹrẹ̀ gbà á dé orúnkún, ó gbà á dé itan. Àdá rẹ̀ bọ́, ó rì, kò hó rárá. Bí ó bá fa ẹsẹ̀ kan, èkejì á tún wọlé sí i.

Ohùn kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Dúró jẹ́ẹ́. Bí o bá ń jà, o ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Ẹyẹ àkọ̀ kan ni, àgbà ẹyẹ, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan láàárín ìféefé bí àgbà ìgbìmọ̀ tí ń ro ọ̀rọ̀.

"Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"O bá adágún, o ki aládùúgbò rẹ̀. Bí mo bá wọ ilé rẹ tí mo ń ki ìyàwó ọkọ rẹ, ṣé wàá fún mi ní àga? Kì í ṣàn. Kò pariwo rí. Òkun kò fẹ́ ẹ. Gbogbo ọdẹ tí ó bá wá ni ó máa ń gbé oríkì odò kan wá kí i, ó sì ti sú u. Ki í ní oríkì tirẹ̀, yóò tú ọ sílẹ̀."

"Kí ni oríkì rẹ̀?"

"Kò ní. Kò sí ẹni tí ó dúró pẹ́ tó láti ṣe ọ̀kan fún un."

Ọdẹ́fúnkẹ́ dẹ́kun fífa ẹsẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ tí ó wà yẹn, ohùn ìyá rẹ̀ bọ́ sí i lọ́kàn: ojú ni ó ń bí oríkì. Ó bẹ Olódùmarè pé kí ó la òun lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Ó bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́. Omi tí ó dúdú bí aró nínú adágún mọ́ bí omijé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òṣíbàtà tí ó la ojú funfun sí oòrùn. Ó rí koríko pupa kékeré kan lẹ́bàá omi, irun orí rẹ̀ ń kán bí oyin. Eṣinṣin bà lé e, irun náà sì rọra ká a mọ́ bí ọwọ́ ìyá. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ balẹ̀ láti òkè, eruku ilẹ̀ òkèèrè ṣì wà ní ìyẹ́ wọn. Nítòsí ọwọ́ rẹ̀, kùkùté igi kan yọ orí nínú ẹrẹ̀, lórí ọ̀dàn tí baba ńlá ẹnikẹ́ni kò rí igi rí. Èèpo ara igi náà ṣì wà, kò jẹrà. Ó fi etí lélẹ̀. Ó gbọ́ omi tí ń yọ́ rìn lábẹ́ ilẹ̀, tí ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì rántí àwọn ìṣàn tí ó pọ́n bí àgbo nísàlẹ̀ òkè. Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tí ó la ẹnu:

Ìdákẹ́, omi tí kò sin ẹnikẹ́ni dé òkun,
Òjò ni ó bí ọ, ìkúukùu ni ó pọ̀n ọ́.
Adúdú-bí-aró lójú ẹni tí ó dúró lókèèrè,
Ẹni tí ó bù ọ́ sọ́wọ́ ni ó mọ̀ pé o mọ́.
Òṣíbàtà jí, ìwọ ni ó kọ́kọ́ kí;
Koríko etí rẹ ń se oyin, eṣinṣin ni ẹran ọbẹ̀ rẹ̀.
Pẹ́pẹ́yẹ fò kọjá aṣálẹ̀ nígbà ọyẹ́,
Kò béèrè ọ̀nà, ọ̀dọ̀ rẹ ni ó bà sí.
Wọ́n ní o kì í ṣàn.
Odò tí ń pariwo nísàlẹ̀ òkè, ta ni ń bu omi fún un?
A-fúnni-má-jẹ̀ẹ́-kí-a-rí-ọwọ́-òun,
Igbó ti kú lórí ọ̀dàn, o ṣì di igi rẹ̀ mú,
A-gba-nǹkan-pamọ́-má-jẹ̀ẹ́-kí-ó-jẹrà.
Ìdákẹ́, o kì í ṣe òkun,
Òkun náà kò lè ṣe ìwọ.

Ìgbì kan ṣoṣo gba orí omi náà kọjá, bí ìgbà tí ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Ẹrẹ̀ tú u sílẹ̀. Àkọ̀ sọ ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ kalẹ̀. "Ó ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀," ni ó wí. "Béèrè."

"Bàbá mi Ọdẹ́sànyà. Ẹrù rẹ̀ ni mo wá gbà."

Ilẹ̀ hó wúyẹ́wúyẹ́ létí omi, ó sì pọ ìbọn kan sókè, àpò ọdẹ kan, àti fìlà abetíajá tí a so mọ́ ìdí ìbọn náà. Ẹ̀yin ọdẹ tí ó wà níhìn-ín mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílùú wa. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ wọ ewu nítorí ẹlòmíràn, yóò tẹ́ ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, yóò kọ ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà ilé, yóò so fìlà mọ́ ọn nídìí, kí ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé kò sá.

Àkọ̀ ní, "Àwọn méjì ni ó wá lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan ki adágún bí wọ́n ti máa ń ki í, ó rì dé àyà. Èkejì tẹ́ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀ bí o ti rí i yẹn, ó wọlé, ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé èjìká, ó jù ú sórí koríko. Agbára tí ó fi jù ú náà ni ó fi rì. Ẹni tí ó gbà là sáré, kò wẹ̀yìn."

Nígbà náà ni ẹrẹ̀ tún pọ ohun kan: fìlà awọ ẹtu, eyín ẹkùn kan níwájú rẹ̀. Ọdẹ́fúnkẹ́ di eyín náà mú bí ó ti máa ń dì í mú nígbà èwe rẹ̀.

Ọjọ́ ọdún Ògún ni ó wọ Agbóyè. Gbogbo ọdẹ pé sí oríta, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn òkú. Àwọn obìnrin kan rí i lókèèrè, wọ́n ní, "Ọmọ ìsáǹsá ti dé." Ó la àárín wọn kọjá, ara rẹ̀ dúdú fún ẹrẹ̀, ó tẹ́ ìbọn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn, fìlà abetíajá nídìí rẹ̀. Kò sọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Kò sí ọdẹ tí kò lè kà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí fìlà.

Olúọ́dẹ Akínbòdé nìkan ni kò ní fìlà tí yóò ṣí.

Ọdẹ́fúnkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà awọ ẹtu náà. "Bàbá, bàbá mi kí yín. Ẹ gbàgbé fìlà yín sọ́dọ̀ wọn."

Akínbòdé gba fìlà náà. "Èjìká rẹ̀ ni mo fi jáde," ni ó wí, ó sì wí i kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "Mo sá. Nígbà tí mo délé, ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́ pẹ́ tó, ọ̀rọ̀ náà yóò jẹrà."

"Nǹkan kì í jẹrà lọ́dọ̀ Ìdákẹ́, Bàbá."

Àwọn kan kígbe pé kí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ́fúnkẹ́ ní rárá. Ó ní, "Bàbá mi ti sọ iye tí ẹ̀mí yìí tó. Ta ni èmi tí n óò tún un sọ? Ẹ jẹ́ kí Olúọ́dẹ ru ìpà náà." Akínbòdé dé fìlà ẹlẹ́rẹ̀ náà sórí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ẹrù náà karí. Òun ni ó lé ìrèmọ̀jé wọ igbó, ó ń sunkún, ó ń ki Ọdẹ́sànyà, Àwẹ̀ró ìyàwó òkú ń gbè é. Láti ọjọ́ náà, nílùú wa, a kì í dárúkọ òkú ọdẹ kankan kí a tó dárúkọ Ọdẹ́sànyà, bí a bá sì dárúkọ rẹ̀ tán, a ó ki Adágún Ìdákẹ́ ní oríkì tí ọmọbìnrin kan ṣe fún un láti inú ẹrẹ̀.

Akínbòdé kò fọ fìlà náà títí ó fi kú. Mo mọ̀, nítorí pé bí ó bá gbé mi sí èjìká, eyín ẹkùn yẹn ni mo máa ń dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni, Àkàngbé, o gbọ́ mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó wá fẹ́ Ọdẹ́fúnkẹ́. Ẹni tí a gbé jáde nínú ẹrẹ̀ ni bàbá bàbá mi, ẹni tí ó gbé e jáde ni bàbá ìyá mi. Nígbà tí ẹ bá rí mi tí mò ń yan, tí ẹ ní Ọdẹ́rìnlọ ń gbéra ga, ẹ rántí pé èjìká kan ni mo jókòó lé kí wọ́n tó bí mi.

Ó tó. Ẹni tí iṣu rẹ̀ ti jó, kí ó wá jẹ nínú tèmi.